Abẹ́rẹ́ Tí Màsúdát Kọ̀

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà ní Ọjà Tuntun, orúkọ tí wọ́n ń pe Màsúdát kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. "Ìyá Ṣé-Ó-Tutù" ni wọ́n ń pè é. Ohun tó fa orúkọ náà kò le. Bó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn tó yẹ kó wà nínú fíríìjì, kí wọ́n tó kí i tán ni yóò ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páálí, tí yóò sì bèèrè pé, "Ṣé ó tutù?" Bí kò bá tutù, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú un rà á. Àwọn kan a máa fi í rẹ́rìn-ín, àwọn kan a máa bú u lábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mọ́kàndínlógún tó fi wà ní ilé-ìwòsàn Dókítà Gàní, kò sí nọ́ọ̀sì kan tó wá bá a rí pé oògùn tó rà kò ṣiṣẹ́.

Ilé-ìwòsàn aládàáni ni, ojú ọ̀nà Basin ló wà, ibùsùn rẹ̀ kò sì ju ogójì lọ. Ìgbálẹ̀ ni Màsúdát bá wọbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama nígbà náà, kò sí ẹni tó máa rán an lọ síwájú. Ìyàwó Dókítà ló kíyè sí i pé ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ sítọ́ọ̀ mọ ohun tó kù lórí pẹpẹ ju ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ lọ. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, nígbà tó sì yá, wọ́n fi ríra nǹkan lé e lọ́wọ́ pátápátá: abẹ́rẹ́, báńdéèjì, ìbọ̀wọ́, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Rodiyah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ Rodiyah tó fi wọ Poli.

Èèyàn gbígbóná ni, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí inú bá bí i, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ńṣe ni yóò rọlẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí ohùn Ìyá Rodiyah bá ti rọlẹ̀ báyìí, ó yẹ kí èèyàn wá ibi gbà.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Dókítà Gàní ní òun fẹ́ gbé ríra nǹkan kúrò lórí ìwé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìfẹ́olúwa ló gbé iṣẹ́ náà fún, ọmọbìnrin ará Ọ̀mù-Àrán kan tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé-ìwòsàn náà. Ètò tó ṣe kò lọ́jú pọ̀. Wọ́ọ̀dù tó bá nílò nǹkan yóò kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń ta oògùn yóò rí i lórí fóònù wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà, kálukú yóò dá iye tirẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà yóò sì mú ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù. Bí ọjà bá dé, Màsúdát yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì tẹ ọ̀kan nínú bọ́tìnnì méjì: "Mo gbà á" tàbí "Mo kọ̀ ọ́". Bí oṣù bá parí, ètò náà yóò fún ilé-ìwòsàn ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún, lórí bí ọjà ṣe yá sí, bó ṣe pọ́ọ́kú sí, àti bí èyí tí wọ́n dá padà ṣe kéré tó.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn, Màsúdát nawọ́ sókè.

"Níbo ni màá kọ ọ́ sí pé nǹkan ò tutù?"

"Àyè kan wà nísàlẹ̀ fún àlàyé, Màmá," ni Ìfẹ́olúwa dá a lóhùn. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ta ló máa kà á?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tó bá yẹ kó kà á máa kà á."

Màsúdát kò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n kò ní parọ́ mọ́ ètò náà. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti rí ire inú rẹ̀. Kò sí pé ó ń to ìwé lórí tábìlì Dókítà títí wọn yóò fi fọwọ́ sí i mọ́. Kò sí ontajà tó lè ní méjìlá lòun kó wá nígbà tó jẹ́ mẹ́wàá. Ohun tó ń gbà á lọ́sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ń parí lọ́jọ́ méjì.

Lẹ́yìn náà ni máníjà tuntun dé. Abdulmujeeb lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún, Àbújá ló ti ń bọ̀, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó máa ń kí àgbà, ó sì máa ń rántí orúkọ ọmọ èèyàn. Ṣùgbọ́n máàkì yẹn wọ̀ ọ́ lórí. Bó ti ń jáde lóṣooṣù ni yóò ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí àwọn aláìsàn ti ń gba káàdì. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ san owó ìtọ́jú ń wá ilé-ìwòsàn tí yóò máa rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, Dókítà Gàní sì ti ní òun máa fi máàkì náà hàn wọ́n. Abdulmujeeb ṣèlérí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Mẹ́ta, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ọlọ́kadà kan gbé páálí wá. Ọsitósìn ló wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ilé-ọmọ rẹ̀ lè súnkì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbé. Bí ooru bá pẹ́ lára rẹ̀, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ mọ̀. Ontajà tuntun kan ní Èkó ni kọ̀ǹpútà mú, torí iye rẹ̀ ló kéré jù. Ọlọ́kadà so páálí náà mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú rọ́bà, bí ẹni so ẹrù iṣu. Kò sí kúlà. Kò sí yìnyín kankan.

Màsúdát fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò.

"Níbo lo ti gbé e?"

"Ọ̀fà Garage, Màmá. Mọ́tò Èkó ló já a síbẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Wọ́n ní láti àárọ̀. Orí ẹrù ni mo ti bá a."

"Nínú oòrùn?"

Ọlọ́kadà náà wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, èmi kọ́ ni mo dáná sí i o. Gbígbé ni wọ́n ní kí n gbé e wá."

Kò bá a jà. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ "Mo kọ̀ ọ́", ó sì kọ sínú àyè tó wà nísàlẹ̀ pé: "Ó gbóná. Kò sí yìnyín. Ẹ má lò ó fún ẹnikẹ́ni." Ó ní kí ọlọ́kadà gbé páálí padà. Ìyẹn pe ontajà, ontajà pe máníjà, máníjà sì sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú fóònù létí.

"Ìyá Rodiyah," ni Abdulmujeeb wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ ní tiẹ̀, kí páálí yìí ṣì wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọn a wá kó o."

"Tí wọ́n ò bá wá ńkọ́?"

"Wọ́n á wá. Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

Àkókò ìrun Àsárì ti tó. Màsúdát lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tó padà dé, páálí kò sí níbẹ̀ mọ́. Abdulmujeeb ní wọ́n ti wá gbé e. Màsúdát gbà á gbọ́. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, kò wá síṣẹ́, torí Rodiyah fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ọdún tuntun ní Poli. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣí fíríìjì, ó sì rí ọsitósìn tí wọ́n tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní àwọn tuntun ti dé nìyẹn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n tutù. Ó ti fíríìjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, àwọn abẹ́rẹ́ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Hàúwà, aránṣọ kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Tuntun, ló wá bímọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Oyún rẹ̀ kejì ni. Àkọ́kọ́ kò dúró. Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ọmọ náà jáde, obìnrin ni, ó ké, inú gbogbo ilé dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní, àgbà agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀, gún un ní ọsitósìn. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó tún gún un. Ó tún fà á mọ́ omi. Ẹ̀jẹ̀ ń wá bí ẹni pé omi ni wọ́n gún fún un.

Àbẹ̀ní sáré wọ sítọ́ọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

"Ìyá Rodiyah, kí lẹ rà yìí? Kò ṣiṣẹ́. Mo ti gún mẹ́ta."

Màsúdát gba páálí kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí i wo ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ilé-iṣẹ́ oògùn máa ń kọ nọ́ńbà sí. Kò sí nọ́ńbà tí kì í dúró sí i lórí. Èyí tó rí yìí parí sí 4417. 4417 ló wà lára páálí tó gbóná bíi búrẹ́dì.

Ó sáré dìde. Ó gbé kúlà, ó da yìnyín sí i, ó gun ọ̀kadà tó kọ́kọ́ rí. Ilé-ìwòsàn kan wà níwájú tí òun àti obìnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ibẹ̀ ti jọ mọra fún ọdún púpọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ìyẹn kó mẹ́wàá fún un láìbèèrè ìwé. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ló lò lọ-bọ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú méjìlélógún pọ̀ jù fún ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó bá Hàúwà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Abẹ́rẹ́ tó gbé dé bá wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọrẹ báàgì márùn-ún ni wọ́n fà sí i lára, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì bọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ilé-ọmọ kúrò. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Ìgbà tí wọ́n sọ pé yóò yè ni Màsúdát tó lọ sí ọ́fíìsì Abdulmujeeb. Ó to ìgò mẹ́ta tó ti ṣófo sórí tábìlì rẹ̀, ní ìlà gbọọrọ, lórí ìwé tó ń kọ lọ́wọ́.

"O ní wọ́n ti wá gbé e."

Abdulmujeeb wo ìgò náà. Ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì le. "Ìyá Rodiyah, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo kọ̀ǹpútà ká tó sọ ohun tí a ò ní lè kó jẹ."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: Ọsitósìn, ọgọ́rùn-ún. Ó ti dé. A ti gbà á. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀: Màsúdát.

Ó ka orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìbínú máa ń ní òórùn, torí nǹkan kan bí irin gbígbóná gba imú rẹ̀ lọ sí orí.

"Èmi kọ̀ ọ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ò sọ bẹ́ẹ̀," ni Abdulmujeeb wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún un ní kúèrì. Wọ́n ní kó ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin ìdí tó fi gba oògùn tí kò dára wọlé. Dókítà Gàní fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Rodiyah ka ìwé náà nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ bẹ̀ wọ́n, Mọ́mì. Ẹ ní àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe ta ni?" ni Màsúdát bi í. "Ṣé kí n wá bẹ ẹni tó sun ilé pé kó forí jì mí torí pé mo rí èéfín?"

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sí ilé Ìfẹ́olúwa. Ọmọbìnrin náà ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Bó ti rí i, ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé àga fún un. Màsúdát kò jókòó.

"Ètò tí o ṣe yẹn ti purọ́ mọ́ mi."

Ó ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìfẹ́olúwa gbọ́, ó wolẹ̀. Ó gbé aṣọ tó ń sá sílẹ̀.

"Màmá, Dókítà ló gbéṣẹ́ fún mi. Mi ò lè máa mú ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn jáde fún èèyàn."

"Mi ò ní kí o jí nǹkan fún mi. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù tèmi, tí o ní tèmi ni? Èmi ni mo fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Fi ibi tí màá tẹ̀ hàn mí, kí o sì yíjú sẹ́yìn bí o bá fẹ́."

Ìfẹ́olúwa kò yíjú sẹ́yìn. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá, ó ní kí Màsúdát wọlé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó sì nàka sí ọ̀rọ̀ kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ní igun ìsàlẹ̀, "Ìtàn". Ọdún méjì ni Màsúdát ti ń lo ètò náà, kò rí i rí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Màsúdát kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ wà lábẹ́ rẹ̀: Ó gbóná. Kò sí yìnyín. Ẹ má lò ó fún ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìyẹn ìgbà tó wà lórí ẹní ìrun: Abdulmujeeb, láti orí fóònù, yí i padà sí "A ti gbà á". Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje: Abdulmujeeb pa àlàyé rẹ́. Níbi tí ètò náà ti bi í ní ìdí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ. Máàkì.

"Ojú ìwé àkọ́kọ́ máa ń gbé orúkọ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ síbẹ̀ ni," ni Ìfẹ́olúwa wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ẹni yòówù kó tẹ bọ́tìnnì. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò rò ó débẹ̀."

"Àyè àlàyé yẹn ńkọ́? Ẹni tó yẹ kó kà á, ṣé ó kà á?"

"Orí fóònù máníjà nìkan ló ti ń hàn, Màmá. Dókítà ò lè rí i."

"Ìwọ náà lọ́wọ́ sí i."

Ìfẹ́olúwa gbójú sókè, omi ti lé sí i lójú. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo lọ́wọ́ sí i."

Ó tẹ ìwé náà jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta, ó kó wọn fún un. Nígbà tí Màsúdát ń jáde lọ, inú ṣì ń bí i sí ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ni ẹni àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ tí kò gbé ẹrù tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró níwájú Dókítà Gàní. Abdulmujeeb jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kó fi èsì kúèrì sílẹ̀ kó máa lọ, ó ní òun máa kà á ni. Ó kà á, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, ọjọ́ pẹ̀lú aago. Nígbà tó ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà, Máàkì, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì.

"Abdulmujeeb," ni Dókítà wí.

"Sà, mo rò pé tó bá ti wọ fíríìjì, á tún padà sípò. Mi ò mọ̀, sà. Tí a bá kọ̀ ọ́ lóṣù yẹn, a ò ní ju mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó ìtọ́jú yẹn sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e."

"O ò mọ̀," ni Màsúdát gbà á lẹ́nu. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé kí wọ́n má lò ó fún ẹnikẹ́ni. O kà á, o sì pa á rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ kì í pa nǹkan rẹ́."

Dókítà ní kí máníjà máa lọ sílé títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, bàbá náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó fọwọ́ ra ojú. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni ara rẹ̀ ti ń hunjọ.

"Màsúdát, mo ti ya kúèrì yẹn. O gbọ́? Ká fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sínú ilé. Ọmọ ilé ni ọ́."

"Hàúwà ńkọ́, sà?"

"A ti bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn onígbàgbọ́ ni wọ́n. A sọ fún wọn pé kádàrá Ọlọ́run ni, wọ́n sì gbà."

Gbogbo inú tó ti ń bí Màsúdát láti Ọjọ́bọ̀, àfi bí ẹni pé eré ni. Èyí yàtọ̀. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Sà, ẹ ti fi ẹ̀bi yín kọ́ Ọlọ́run lọ́rùn." Ohùn rẹ̀ kéré débi pé bàbá náà ní láti tẹ orí síwájú. "Oòrùn Ọ̀fà Garage ni. Ìka èèyàn ni. Ilé yìí ni. Ẹ lọ sọ fún wọn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Bí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ."

"Tí o bá lọ, mi ò mọ bí màá ṣe tún gbà ọ́ wọlé níbí."

"Mo ti gbọ́, sà."

Dókítà kò lọ. Màsúdát dúró di ọjọ́ Jímọ̀, ó jẹ́ kí àwọn èèyàn kírun tán, ó sì mú ọ̀nà Ọjà Tuntun pọ̀n. Yàrá méjì ni Hàúwà àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin náà ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà nígun, wọ́n da aṣọ bò ó. Hàúwà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọmọ sí àyà, ojú rẹ̀ ṣì funfun. Ọkọ rẹ̀ gbé àga fún àlejò.

Màsúdát sọ ọ́ láìfi nǹkan kan bò. Ó gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, ó sì ń tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan bó ti ń ṣàlàyé. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó jáde lọ dúró ní gbàgede. Hàúwà tún ọmọ gbé sí àyà. Ó ní:

"Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ mi? Lójoojúmọ́ ni mo ń bi Ọlọ́run pé kí ni mo ṣe. Mo rántí ẹni tí mo ṣẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo tún ní kí ọkọ mi lọ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tó bí i."

Màsúdát gba ìwé náà padà sọ́wọ́.

"Ẹ ní ẹ fọwọ́ kan páálí, ẹ sì mọ̀ pé ó gbóná," ni Hàúwà tún wí. "Nígbà tí ẹ rí i nínú fíríìjì ńkọ́?"

"Mo rò pé òmíràn ló dé."

"Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀?"

"Rárá."

"Ẹ bèèrè?"

"Mi ò bèèrè. Ó tutù, mo sì fi í sílẹ̀. Ìyẹn, tèmi ni. Mi ò wá fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Hàúwà yíjú sí ògiri. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá rẹ̀ sì ń mì í láìwò ó. Màsúdát dìde, ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí àga, ó jáde. Ọkọ Hàúwà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi í bóyá yóò lè tún ọ̀rọ̀ yìí sọ níwájú àwọn ẹlòmíràn. Màsúdát ní níbikíbi tí wọ́n bá pe òun sí.

Wọ́n sì pè é. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ilé-ìwòsàn ní ìpínlẹ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Màsúdát jókòó níwájú wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárín ìgbà náà, Dókítà Gàní ní kó má wá síṣẹ́. Oṣù méjì ló fi jókòó sílé. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní wá kí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ ò bá ti fi sùúrù sí i." Màsúdát ní, "Fún ta ni?" Àbẹ̀ní gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ìgbìmọ̀ náà dá ẹ̀bi fún ilé-ìwòsàn. Wọ́n ní kí Dókítà lọ bẹ Hàúwà lójúkojú, kó fi òótọ́ sínú ìwé, kó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó lọ. Abdulmujeeb kò padà wá mọ́. Wọ́n ní ó ti rí iṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn mìíràn ní òkè ọya, àti pé máníjà ló tún jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Màsúdát gbọ́ èyí, kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ náà kan náà ló ní kí wọ́n dá Màsúdát padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì dá a padà. Dókítà a máa dá a lóhùn bó bá kí i, ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀.

Ìfẹ́olúwa tún ètò náà ṣe. Ohun tí sítọ́ọ̀ bá ti kọ̀, kò sí ẹni tó lè yí i padà mọ́, ìbáà jẹ́ Dókítà. Ontajà tó bá ń gbé oògùn fíríìjì wá gbọ́dọ̀ ya àwòrán ẹ̀rọ tó ń wọn ooru nínú kúlà, ní ibi tó ti gbéra àti níbi tó dé. Bí kò bá sí àwòrán, bọ́tìnnì "Mo gbà á" kò ní ṣí. Ẹni tó dín iye jù kọ́ ló ń borí mọ́ nígbà gbogbo. Máàkì oṣù tó tẹ̀lé e wá sílẹ̀ sí mẹ́rìnléláàádọ́rin. Kò sí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Rodiyah a máa sọ fún un pé ó yẹ kí inú rẹ̀ ti rọ̀. Òótọ́ ti hàn, iṣẹ́ ti padà, kí ló kù? Màsúdát kì í jiyàn. Ó kàn mọ̀ pé ìbínú yìí kò tíì lọ, òun kò sì wá ọ̀nà tí yóò gbà lọ.

Lóṣù tó kọjá, òun àti Hàúwà pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Ọjà Tuntun. Hàúwà pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ náà ti ń fa ìborùn ìyá rẹ̀, ó ti hu eyín méjì. Wọ́n kí ara wọn bí àwọn tó mọ ara wọn ṣe ń kí ara wọn. Hàúwà kò dúró. Màsúdát kò sì retí pé kó dúró.